Ẹlẹ́wù Pupa Inú Ọgbà Bàbá Onílẹ́tà

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ àṣetiléwá kó gbé e sápá kan ná. Yóò bá a níbẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá kì í sá lọ. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò gùn ju ìrìn ẹsẹ̀ láti ilé dé ilé-ìwé lọ, ṣùgbọ́n ẹrù inú rẹ̀ wúwo díẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, àti bàbá ìyá rẹ̀, àti igi ọ̀pẹ kan tí kò ga ju ènìyàn lọ.

Láràárọ̀, kí oòrùn tó gun òrùlé, bàbá àgbà yìí a gbé àga onírin rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, a fi ife tíì lé orúnkún, a sì pe ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Ojú Mi."

"Bàbá."

"Ṣé ó ti là?"

"Kò tíì là, Bàbá."

A mi orí, a mu tíì rẹ̀. Ó di ọ̀la nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń retí kó là. Ọdún márùndínlógójì ni bàbá yìí fi pín lẹ́tà. Lásìkò tí àwọn ènìyàn ṣì ń fọwọ́ kọ̀wé ránṣẹ́ síra wọn, òun ló ń gun kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò, Bàbá Onílẹ́tà ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló ní: kí ẹ bá òun sọ fún ẹni yín tó wà lẹ́yìn odi kó fi kóró ọ̀pẹ ibẹ̀ kan sínú lẹ́tà tó ń bọ̀. Kóró sì ń bọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí yóò fi fẹ̀yìn tì, ọ̀pẹ mọ́kànlélógójì ló wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tí èyíkéyìí kò jọ ìkejì, débi pé okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí kò rí ọ̀nà gbà kọjá.

Orúkọ ẹni tí kóró ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ni igi kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti kú láti ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ ó ń so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́dọọdún. Èyí tí ikùn rẹ̀ yọ bí ìgò, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé kan ló ti wá. Pé ikùn àwọn méjèèjì jọra, iṣẹ́ Ọlọ́run nìyẹn.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni kò jẹ́ orúkọ ènìyàn. Ẹlẹ́wù Pupa ni wọ́n ń pè é. Kóró méjì ló wà nínú àpò ìwé tó gbé e wá láti erékùṣù kan tó jìnnà. Bàbá gbin ọ̀kan, ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Télọ̀ ní ìkejì. Láàárín àwọn tí ń kó ọ̀pẹ jọ, ẹnikẹ́ni kì í ta kóró, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, pàṣípààrọ̀ ni. Télọ̀ fi ọ̀pẹ ẹlẹ́gùn-ún kan dípò, ó sì gbé tirẹ̀ sínú ìkòkò lórí fàráńdà, nítorí pé òkè ilé alájà méjì ló ń gbé, kò ní ilẹ̀. Níbẹ̀ ni ó wà tí kò dàgbà. Ti Bàbá wà nínú ilẹ̀, ó ń ga.

Irú ọ̀pẹ yìí, bó bá ti gbó tó, ewé tuntun rẹ̀ kì í là ní àwọ̀ ewé. Pupa ló ń là, pupa fòò, fún ọjọ́ mẹ́wàá péré, kó tó dà bí àwọn yòókù. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí. Láàárín orí rẹ̀, ewé kan tó ṣì ká jọ ti yọ gọ́ńgọ́ bí ọ̀kọ̀, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń hàn lára rẹ̀.

Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni pé ojú Bàbá ń lọ. Dókítà ojú ti sọ ọ́ gbangba: èyí tó lọ kò ní padà, èyí tó kù náà kò ní pẹ́ tẹ̀lé e. Ewé àti ilẹ̀ ti di ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Pupa nìkan ló ṣì ń dá mọ̀. Ó fẹ́ rí pupa yìí kí ilẹ̀kùn tó tì.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ìyá rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn. Òun ló ń ka ìwé fún Bàbá, òun ló ń bomi rin ọgbà, òun ló ń sọ ohun tí ojú rí. Bàbá kì í pè é ní orúkọ mìíràn ju Ojú Mi lọ.

Ní ilé-ìwé wọn, àpèjẹ ìdágbére kù sí dẹ̀dẹ̀, kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò sì ṣe tábìlì kan lẹ́ṣọ̀ọ́. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Aláṣẹ, nítorí pé bó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Aláṣẹ ní òdòdó oníke ti sú òun. Ó yíjú sí Ojú Mi.

"Ojoojúmọ́ lò ń sọ ọ̀pẹ, ọ̀pẹ. A ò rí ewé kan rí. Àbí ojú àlá lọgbà yẹn wà?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní bóyá ìgbálẹ̀ ni bàbá àgbà ń gbìn.

"Ó wà," ni Ojú Mi wí. "Èyí tó máa pupa náà wà."

"Mú un wá ká rí i. Ewé kan péré. Kí ni ewé kan jẹ́ lára igi?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ bí ẹ̀rín ẹgbẹ́ ṣe ń ta ni lára. Ìyà tí a bá nìkan jẹ sàn ju ẹ̀rín tí a fi èèyàn mẹ́fà rín ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, bí Bàbá ṣe ń tòògbé ní pálọ̀, Ojú Mi mú ọ̀bẹ ilé ìdáná, ó lọ bá Ẹlẹ́wù Pupa. Ṣóńṣó ewé ló fẹ́ gé tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó kúrú, kò ní dúró nínú ìgò òdòdó. Ó ti ọ̀bẹ bọ àárín ìdí àwọn ewé yòókù, ó gé e nísàlẹ̀, ó sì fà á yọ.

Ní ilé ìdáná, ó fi ìka là á díẹ̀díẹ̀. Ó rọ̀ bí aṣọ sílíìkì tó tutù. Pupa tí bàbá kan ti fi ọdún mẹ́sàn-án retí là sí ọwọ́ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tí a kò tíì fọ̀.

Níbi àpèjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tábìlì wọn ló gba ipò kìíní. Àwọn olùkọ́ wá ya fọ́tò rẹ̀, Aláṣẹ sì fọwọ́ kọ́ Ojú Mi lọ́rùn kiri gbọ̀ngàn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ewé náà ti rọ bí aṣọ ìnulẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ gbá a pọ̀ mọ́ ife oníwèé, ó kó o dànù. Gbogbo ìyìn yẹn, kò tó wákàtí márùn-ún.

Lówùúrọ̀ Sátidé, Bàbá pè é.

"Ṣé ó ti là?"

"Kò tíì là, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ àná náà ni, ohùn àná náà ni. Ṣùgbọ́n ẹnu tó sọ ọ́ kì í ṣe ẹnu àná mọ́.

Ẹ gbọ́ ìwà ọ̀pẹ. Bí ẹ bá gé orí igi mìíràn, yóò ru ẹ̀ka lápá ibòmíràn. Ọ̀pẹ kò ní ju ojú ìdàgbà kan lọ, àárín orí rẹ̀ ló wà. Ibẹ̀ là ń pè ní ọkàn rẹ̀. Bí ọkàn yìí bá kú, ó parí, síbẹ̀ àwọn ewé àtijọ́ á máa tutù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ojú Mi wo ewé tútù wọ̀nyí, ó ní igi náà ti gbàgbé egbò rẹ̀. Ó wá dá ọgbọ́n kan. Ó rò pé bí omi bá pọ̀ lójú egbò, ewé mìíràn yóò tètè yọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Láràárọ̀ ló ń rọ ife omi kan sí orí igi náà, sí ojú ibi tó gé.

Ẹni tí ojú rẹ̀ ń lọ, etí rẹ̀ kì í sùn. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá gbé orí sókè.

"Omi yẹn ń dún lókè. Ìdí là ń bomi rin o, Ojú Mi."

"Ìdí ni mò ń bu ú sí, Bàbá."

Irọ́ kejì nìyẹn. Irọ́ kì í rìn lóun nìkan. Bó bá wọlé, á ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Télọ̀ wá. Bàbá ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá fi ojú tirẹ̀ wò ó, ewé yìí pẹ́ jù. Wọ́n kọ́kọ́ bú ara wọn bí ìṣe wọn. Bàbá béèrè ṣòkòtò tó fún un rán láti ìgbà òjò tó kọjá. Télọ̀ ní ẹsẹ̀ kan ti parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ ọgbà, Ojú Mi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí ẹni tí a ń mú lọ ilé ẹjọ́.

Télọ̀ sún mọ́ igi náà. Ó fi ìka méjì mú kùkùté ewé tó wà láàárín orí ọ̀pẹ náà, kò sì fà á rárá tó fi yọ sí i lọ́wọ́. Omi dúdú tẹ̀lé e, ó ń rùn. Ó wo kùkùté náà, ó rí i pé ojú rẹ̀ gún régé, bí ohun tí a fi ọ̀bẹ gé. Ó wá wo ojú ọmọbìnrin náà.

"Télọ̀, kí lo rí?" ni Bàbá wí. "Ṣé kòkòrò ni? Àwọn oníwo kan wà tó máa ń jẹ orí ọ̀pẹ."

Télọ̀ ṣì ń wo ọmọbìnrin náà. Ọ̀nà là sílẹ̀ gbayawu fún Ojú Mi. Kòkòrò kì í wá jẹ́rìí ara rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan péré, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó wo bàbá àgbà tó gbé ojú sí ibi tí igi kò sí, tó ń dúró de ohun tí òun máa sọ pé òun rí.

"Èmi ni, Bàbá. Mo fi ọ̀bẹ gé e, ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Mo gbé e lọ ilé-ìwé."

Bàbá ní kí wọ́n fa òun dé ìdí igi. Ó ti ìka bọ orí rẹ̀, ó wọ́ ọ kiri pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ó ti ń fọwọ́ wá lẹ́tà nínú àpò láyé àtijọ́.

"Ọ̀bẹ rẹ kò dé ọkàn rẹ̀. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, à bá nu egbò náà gbẹ, à bá fi nǹkan bo orí rẹ̀ kí omi má wọ̀ ọ́. Ì bá pẹ́, ṣùgbọ́n ì bá mú òmíràn wá." Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Ọ̀bẹ kọ́ ló pa á. Omi ló pa á. Mo sì gbọ́ omi yẹn. Mo bi ọ́."

Kò lù ú, kò ṣépè. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àga onírin rẹ̀ lọ sí iwájú ilé, ó kọjú sí títì. Kò béèrè ohunkóhun. Ó ń pè é bó bá fẹ́ jẹun, ó ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ tó fi ń pè é ni èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nígbà ìsọmọlórúkọ. Orúkọ náà dùn. Lẹ́nu Bàbá, ńṣe ló dà bí orúkọ ọmọ aládùúgbò. Ewé Ẹlẹ́wù Pupa gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú igi náà.

Lẹ́yìn oṣù kan, Télọ̀ gbé ìkòkò orí fàráńdà rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ wá. "Ọmọ ìyá olóògbé nìyí," ló wí. "Ilẹ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n o mọ òfin wa, a kì í gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kí lo ní tó o máa fi dípò?"

Ọmọbìnrin náà ní òun kò ní nǹkan kan.

"O ní ẹnu. Ohun tí o bá rí lára rẹ̀, ìbáà dáa, ìbáà burú, lọ sọ fún bàbá rẹ lọ́jọ́ tí o bá rí i. Ohun tí mo fẹ́ gbà nìyẹn."

Ó gbìn ín. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ewé kan fi rọ, tó gbẹ. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ẹsẹ̀ fi ro ó, ó wá lọ síwájú ilé.

"Bàbá, ewé kan ti gbẹ lára ti Télọ̀. Mo rò pé mo gbìn ín jìn jù."

Ọkọ̀ méjì kọjá, ẹ̀kẹta kọjá.

"Ṣé ilẹ̀ bo ọrùn rẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Wa ilẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìka ni kó o fi wà á, má fi ọkọ́."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó jí, àga onírin ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Ọdún márùn-ún kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ náà ti di olùkọ́, ojú Bàbá sì ti tì pátápátá. Bí ewé bá gbẹ, ó sọ. Bí kòkòrò bá jẹ ẹ́, ó sọ. Lówùúrọ̀ kan tí Télọ̀ wà níbẹ̀, tó gbé ṣòkòtò tó parí wá níkẹyìn, Bàbá béèrè bó ti ń béèrè: "Ojú Mi, ṣé ó ti là?"

"Ó ti là, Bàbá."

Ife tíì dúró lójú ọ̀nà ẹnu. "Báwo ló ṣe pupa tó?"

"Bí àpótí lẹ́tà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Télọ̀ ní kó dìde kó fọwọ́ kàn án, kó lè dá a lójú.

"Ó ti dá mi lójú," ni Bàbá wí. "Ẹni tó sọ fún mi nígbà tí ewé gbẹ, kò ní parọ́ fún mi nígbà tó pupa."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àṣìṣe kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ọ̀bẹ lè yọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ohun tí a bá rọ lé egbò láti fi pa á mọ́ ló ń pa igi. Ẹ tètè sọ ọ́, nígbà tí ó ṣì ṣeé nù gbẹ.

Télọ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn yìí fún mi, lọ́jọ́ tó ń wọn apá mi fún ẹ̀wù kan. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀wù náà ni mi ò tíì rí gbà.