Jet Ti Fẹ̀yìntì, Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Tíì Fẹ̀yìntì

Màmá Adésànyà dé láti Ìbàdàn, wọn ò tíì bọ́ kóòtù tí ọmọ wọn mú pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi rí ajá kan tó nà gbalaja lórí àga.

“Ta ló ni eléyìí?”

“Tiwa ni, Mà,” ni Tèmidire, ìyàwó ilé, sọ lórí ìkúnlẹ̀. “Jet lorúkọ rẹ̀.”

“Kí ló ń ṣe é? Gbogbo egungun ìhà rẹ̀ ni mo ń rí yìí. Adésànyà, ṣé ẹ kì í fún un lóúnjẹ ni?”

Èmi Shukurat wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mi ló kọjú sí tiwọn ní àjà kẹsàn-án níbí ní Etobicoke, nílùú òyìnbó, àlejò ò sì lè ti Ìbàdàn dé kí n má lọ wo ohun tó gbé bọ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

“Bí wọ́n ṣe máa ń rí nìyẹn, Mà,” ni Adésànyà ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. “Greyhound ni, ajá eré-ìje. Ireland ló ti ń sáré, tí àwọn èèyàn ń ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Nígbà tí kò yára tó bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì, ẹgbẹ́ kan níbí tó ń wá ilé fún irú wọn bá gbé e wá, a sì gbà á sílé.”

“Wọ́n ṣì ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀?”

“Ọ̀pọ̀ ibi ti fòfin dè é. Florida tí pápá eré ajá pọ̀ sí tẹ́lẹ̀, àwọn ará ìlú ló dìbò pé àwọn ò fẹ́ mọ́. Ẹsẹ̀ ń kán àwọn ajá náà, Mà, inú àgò ni wọ́n sì ń wà ṣáá.”

Màmá wo Jet títí. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. “Ṣé wọ́n ń fún un ní owó ìfẹ̀yìntì?”

“Rárá o, Mà.”

“Hẹn-ẹ́n. Á jẹ́ pé ẹgbẹ́ mi ni.”

Bí ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí níbí. Adésànyà á ti jáde lọ sí ibi iṣẹ́ ní Meadowvale, Tèmidire á wà ní shift ní ọsibítù. Bí Màmá bá kí Jayden, ọmọ wọn, á ní “Hi, Grandma,” á sì gba inú yàrá lọ pẹ̀lú fóònù. Jet nìkan ló kù. Òun ni Màmá ń ròyìn Ìbàdàn fún láti àárọ̀: onílé wọn, ewúrẹ́ onílé, àti ìjà tí wọ́n bá àbúrò wọn jà. Jet á kàn gbé etí kan sókè, á tún sùn padà.

“Shukura, òun nìkan ló ń gbọ́ mi nínú ilé yìí,” ni Màmá sọ fún mi lọ́jọ́ kan, omi sì lé sí wọn lójú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn.

Ṣùgbọ́n wọn ò gbà pé ajá yẹn sáré rí láyé rẹ̀. “Èyí tó ń sinmi kó tó dé ìdí abọ́ omi? Ọ̀lẹ pátápátá!”

Tèmidire ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má tú okùn rẹ̀ níta o. Màmá ní àwọn ti gbọ́. Gbọ́ wo?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, a jọ mú Jet lọ sí páàkì tó wà lẹ́yìn ilé wa. Màmá dúró.

“Nílé, tí ọjọ́ bá ti rọ̀, ṣebí wọ́n á tú ajá sílẹ̀ kó lọ nasẹ̀. Kí ni Jet ṣe tẹ́ ẹ fi ń so ó bí ẹlẹ́wọ̀n?”

“Màmá, wọ́n ní ká má tú u.”

“Ẹni tó ti fẹ̀yìntì, ibo ló fẹ́ sá lọ? Èmi náà ti fẹ̀yìntì, ṣé o rí i kí n máa sáré kiri?”

Kí n tó lanu, wọ́n ti tú okùn. Jet dúró, ó ń wo Màmá. Màmá rẹ́rìn-ín sí mi pé ṣé mo ti rí i báyìí.

Ni ọ̀kẹ́rẹ́ kan bá yọ lẹ́yìn igi.

Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò rí ẹsẹ̀ ajá náà mọ́!

“Yéè! Jet! Jet o!” Màmá káwọ́ lérí. Mo gbá yá a, sálúbàtà mi kan sì ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ọkùnrin kan tó ń yan ẹran gbá tẹ̀ lé wa pẹ̀lú fọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹlòmíì ń ká fídíò. Bí a ṣe ń lé Jet tó ni inú rẹ̀ ń dùn tó. Ó ń yí pápá náà po, bó bá sì ti yí i lẹ́ẹ̀kan, á túbọ̀ sún mọ́ títì ńlá tí bọ́ọ̀sì ń gbà.

“Ọkọ̀ máa pa á!” Màmá ti ń sunkún. “Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa á!”

Mo pe Olúwayẹ́misí lórí fóònù, ọmọbìnrin tó gbé Jet wá fún wọn láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Ibí ni wọ́n bí i sí, ó ń sọ Yorùbá bó ṣe mọ̀ ọ́n.

“Auntie, who is chasing him?”

“Gbogbo wa!”

“Stop! Ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo èèyàn dúró. Ó rò pé it’s a race. Ta ló fẹ́ràn jù?”

“Màmá ni.”

“Kí Màmá jókòó sílẹ̀, kí wọ́n kẹ̀yìn sí i. Kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, like normal.”

Mo pariwo, gbogbo èèyàn dúró, ẹlẹ́ran yíyan náà gbé fọ́ọ̀kì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kó má mira.

“Màmá, wọ́n ní kí ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.”

“Sórí koríko? Pẹ̀lú ìró tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán?” Àmọ́ wọ́n jókòó. Mo ní kí wọ́n kẹ̀yìn sí i, kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Jet, n ò tíì parí ọ̀rọ̀ onílé wa fún ọ. Ewúrẹ́ rẹ̀ tún ti jẹ ẹ̀fọ́ mi. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Wò ó, orúnkún ń dùn mí. Máa bọ̀, jàre.”

Jet dẹsẹ̀ dúró létí títì. Ó wò wá. Ó wá ń rìn bọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ó sì fi gbogbo ara ti ẹ̀yìn Màmá títí tí àwọn méjèèjì fi ṣubú. Mo so okùn mọ́ ọn kíá. Màmá dì mọ́ ọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń bú u: “Aláìgbọràn! Àgbàyà!” Gbogbo páàkì pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí Yẹ́misí dé, ohun tí Màmá kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Ṣé ẹ máa gbà á lọ́wọ́ wa?”

“Rárá, Mà. But listen. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kó lé ohun tó bá ń sá. Bó bá ti ń lé nǹkan, kò ní gbọ́ yín, kò sì ní rí mọ́tò. Iṣẹ́ ló fi sílẹ̀, kò fi eré sílẹ̀.”

Màmá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Yẹ́misí, ọmọ kékeré. Èmi fi ojú mi rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba irú ajá yìí, ẹ gbà á o, ohun dáadáa ni. Ọwọ́ ẹgbẹ́ tó mọ̀ wọ́n ni kí ẹ ti gbà á, bí ẹ bá sì ní ológbò nílé, ẹ tètè sọ, torí ajá mìíì á lé e. Rírù tó rù kì í ṣe àìsàn, ẹ má torí ìyẹn fún un lọ́bẹ̀ tó ní àlùbọ́sà tàbí egungun adìyẹ. Kóòtù ṣe dandan fún un nígbà òtútù, kí nọ́ńbà fóònù yín sì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá já mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má lé e: ẹ jókòó, ẹ pè é jẹ́jẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má tú okùn rẹ̀ níbi tí kò bá sí ọgbà yí i ká, kí ẹ sì sọ fún àlejò yín kó tó bọ́ bàtà.

Wọ́n ti fi ajá yìí ta tẹ́tẹ́ títí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí yóò sinmi sí ni. Ẹ má jẹ́ kí àánú yín pa á sí títì.