Ọ̀pọ̀lọ́ Orí Fóònù àti Kúbùsù Méjìlá

"Ẹja kọ́, Màmá àgbà. Ife ni wọ́n ní kí ẹ tẹ̀."

"Ṣé ẹja kì í mu omi ni?" Màmá àgbà tún tẹ ẹja. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré ojú fóònù já sínú ẹrẹ̀. Màmá àgbà bú sẹ́rìn-ín títí àga abẹ́ ìdí rẹ̀ fi ń ké. "Ọ̀pọ̀lọ́ tèmi fẹ́ràn ẹrẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí."

Kíákíá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í, kò rẹ́rìn-ín. Màmá àgbà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí láti kékeré ló ti ń jẹun bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè, tó sì ń wẹ̀ tán kí omi tó kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ń pè é láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn pé kó wá gbá bọ́ọ̀lù.

Eré orí fóònù náà kì í ṣe eré lásán. Nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn tí Màmá àgbà ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun ti dé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì kọ sára gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ọ̀gá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi eré náà kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: eré á pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, wọ́n á tẹ àwòrán rẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣì í, ọ̀pọ̀lọ́ á já sínú ẹrẹ̀. Ẹni tó bá dé ìpele kẹwàá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ; àwọn tó kù yóò máa gbé aṣọ tútù. Ẹ̀yìn Màmá àgbà kò sì gba aṣọ tútù mọ́. Bí kò bá rí ẹ̀rọ yìí gbà, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀lọ́ ṣì wà ní ìpele kẹta.

Oorun ọ̀sán gbé Màmá àgbà lọ lórí àga, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Kíákíá wo fóònù, ó wo fèrèsé, ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kí Màmá àgbà tó jí nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ti dé ìpele kẹwàá, ó ti dé adé.

"Ta ló dé e ládé?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ kàn ń tòògbé díẹ̀ ni. Ìka yín ò sùn."

Màmá àgbà wo ìka rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò. "Ìka yìí ò sì sọ fún mi pé òun gbọ́n tó báyìí." Ó fẹ́ béèrè nǹkan kan, ṣùgbọ́n adé náà wù ú, Kíákíá sì ti wà lórí àtẹ̀gùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ lé Màmá àgbà lọ́wọ́, Kíákíá yà sí ilé ìfọṣọ bó ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀. Orí bẹ́ǹṣì ló bá Màmá àgbà, kúbùsù kan lórí itan rẹ̀, tí kò ju aṣọ ìnujú lọ.

"Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kúbùsù onírun àgùntàn méjìlá ni mo kó sínú ẹ̀rọ. Mo rò pé omi tútù ni mo tẹ̀, àṣé gbígbóná ni. Wọ́n wọlé bí àgbààgbà, wọ́n jáde bí ọmọ ìkókó. Eléyìí ò lè bo ìdí ológbò." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń fa kúbùsù náà bí ẹni pé ó ṣì lè gùn sí i. "Lọ́la ni ọ̀gá máa sọ bóyá kí n máa lọ sílé. Mo dé ìpele kẹwàá, n kò sì mọ nǹkan kan níbẹ̀. Àṣé òmùgọ̀ ni mí, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Kíákíá. Irọ́ tí òun pa ni Màmá àgbà fi ń bú ara rẹ̀.

Ó wọ yàrá ọ̀gá, obìnrin kan tó so awò ojú mọ́ ọrùn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo ṣe eré yẹn. Màmá àgbà ń sùn ni."

"Wọ́n mọ̀?"

"Rárá, mà. Mo parọ́ fún wọn pé àwọn ni."

Ọ̀gá gbé awò rẹ̀ sójú. "Aṣọ gbígbẹ ni wọ́n á máa ká fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, iwájú ẹ̀rọ ni màá ti dán wọn wò. N kò fẹ́ rí ọ̀pọ̀lọ́ kankan níbẹ̀."

Lójú ọ̀nà ilé, Kíákíá jẹ́wọ́. Màmá àgbà dúró gbọn-in. "Èmi kọ́ ni òmùgọ̀ nígbà náà?"

"Ẹ̀yin kọ́, mà."

"Rárá, jẹ́ ká pín in. Mo mọ̀ pé oorun kì í kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Adé yẹn ló wù mí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré náà láti ìpele kìíní. Kíákíá fi ìdí tẹ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àga, kí ó má baà sáré. Bí ọ̀rọ̀ fún gbígbóná bá dé, Màmá àgbà á fọwọ́ kan kẹ́tùlù. Bí ó bá jẹ́ tútù, á lọ ṣí omi ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀lọ́ jábọ́ títí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, ìpele karùn-ún ló wà, kò sì dé adé kankan.

Bọ́tìnnì mẹ́fà ni ọ̀gá nawọ́ sí. Màmá àgbà ka márùn-ún, ó sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ní ẹ̀kẹfà, ó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Èyí ò tíì yé mi, ọ̀gá mi. Ọwọ́ mi ò ní kàn án títí tí n óò fi béèrè."

Ọ̀gá fa àga kan wá síwájú ẹ̀rọ. "Ẹ jókòó, Màmá."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún un kò ràn án lọ́wọ́. Ó jà á lólè ni. Ohun tí a bá sì fi sùúrù mọ̀, bó ti wù kó kéré tó, ó sàn ju adé irọ́ lọ. Kíákíá ò lè gbàgbé: kúbùsù kékeré kan wà tí Màmá àgbà fi kọ́ ìṣó nílé ìdáná. Bí ọwọ́ ọmọ náà bá ti ń rìn lọ sẹ́bàá fóònù, Màmá àgbà á gbójú sókè. Á kàn nawọ́ sí kúbùsù orí ìṣó náà.