Okùn Tí Zakari Fi Ìkánjú So

"Anti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí sí i."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Zakari bá mi sọ nìyẹn, ní pálọ̀ bàbá mi ní àdúgbò Fate. Okùn fáíbà ló mú dání, gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí, ó ń fi aṣọ tó rẹ sínú sípíríìtì nu ẹnu rẹ̀. Èmi olófìn-íntótó, mo ti tẹ orí bá a.

"Kí ni èémí mi ṣe?"

"Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá. Bí eruku bíńtín bá bà lé e lẹ́nu, ìmọ́lẹ̀ á máa sọnù."

"Ṣé èmi wá ni eruku?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí, ẹ̀rín ọmọkùnrin yẹn! N ò ní purọ́ fún yín, ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti lọ.

Ummu Kulthum lorúkọ mi. Èdè Lárúbáwá ni mo kà ní yunifásítì, iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo sì ń wá: kí n jókòó sílé, kí dókítà kan lókè òkun máa sọ̀rọ̀, kí n máa túmọ̀ rẹ̀ fún aláìsàn tó gbọ́ Lárúbáwá nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò rẹ̀, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Torí ẹ̀ ni Baba fi ní kí wọ́n fa fáíbà wá sílé.

Oṣù mẹ́jọ ni Zakari fi ń pè mí lójoojúmọ́. "Ayọ̀ mi, ṣé o ti jẹun?" Màmá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. "Gbogbo ìwé tó o kà yìí, ẹni tó ń gun òpó kiri Tanke lo fẹ́ fẹ́?"

Baba ní tiẹ̀, alfa tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú, ohun kan ṣoṣo ló sọ. "Kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Kí wọ́n má pẹ́ o. Ẹni tó bá pẹ́ wá tọrọ ìyàwó, kò mọ iyì rẹ̀."

Wọn ò pẹ́. Zakari ń làágùn, erùpẹ̀ ṣì wà ní èékánná rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé lákòókò. Inú Baba dùn, ojú Màmá pàápàá rọ̀. Wọ́n fi yìgì wa sí oṣù méjì sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni ìdánwò mi. Ọkùnrin kan ń sọ Lárúbáwá, ohùn rẹ̀ ń já, ojú rẹ̀ ń dúró gbagidi lórí ẹ̀rọ. Mo ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà kẹrin, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Lọ́jọ́bọ̀, Zakari wá. Mo gbé àga fún un, kò jókòó.

"Ummu, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Wọ́n rán mi lọ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń sọnù. Ẹ̀rọ júwe ibì kan ní Tanke, níbi tí a ti so okùn. Èmi ni mo so ó, lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà ló gé e. Nígbà tí mo so ó tán, ẹ̀rọ fi hàn mí pé kò dáa tó. Ó yẹ kí n gé e, kí n tún un so. Ogún ìṣẹ́jú péré. Ṣùgbọ́n bàbá mi àtàwọn àbúrò rẹ̀ ti wọ mọ́tò, wọ́n ń pè mí. Mo ní yóò ṣì gbé ìmọ́lẹ̀ náà. Ó sì gbé e, àfi ìgbà tí ilé iṣẹ́ wa fi kún eré tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń sá lọ́jọ́ Ajé. Eré ńlá bẹ́ẹ̀ kì í gba okùn tí a kò so dáadáa."

"Ta ló mọ̀?"

"Mo ti sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní kí n lọ jókòó sílé fún oṣù kan."

Ara mi gbóná. "Torí kí o lè tètè dé ọ̀dọ̀ mi lo fi ba ayé mi jẹ́! Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni n óò fi ṣọkọ?"

Baba ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá. Ó jáde, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀, èmi ni mo kán an lójú. Ummu, ó sọ òótọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Mo foríjì í."

"Ẹ̀yin lẹ foríjì í, Baba. Ìdánwò tèmi ló bàjẹ́." Mo kọjú sí Zakari. "Kò sí yìgì mọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, màá tún un ṣe. Tí mo bá yege, kí o wá. Tí mi ò bá yege, má jẹ́ kí n rí ẹ mọ́ láyé mi."

"Mo ti gbọ́," ló wí. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ẹ wò ó, ọdún yẹn gùn. Ìfẹ́ ń jẹ mí, ìbínú ń jẹ mí. Màmá mú ọkùnrin méjì wá, mo lé àwọn méjèèjì. Lọ́sẹ̀ ìdánwò, Màmá bá Zakari lórí àkàbà níwájú ilé wa. Ó ní òun ń yẹ gbogbo ibi tí wọ́n ti so okùn náà wò, láti Tanke wá. Màmá gbé omi fún un. Kò béèrè mi, ó sì dùn mí.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ohùn ọkùnrin náà ń wọlé ketekete, ọ̀rọ̀ kan ò sọnù. Àrùn ẹ̀dọ̀ ló ń sọ, ó ń dárúkọ oògùn lóríṣiríṣi. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ìtumọ̀ wọn ni mi ò mọ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, èsì dé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Odidi ọdún kan ni mo fi sọ fún gbogbo ayé pé Zakari ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo pè é.

"Zakari, mo kùnà."

"Haa! Fáíbà ló tún ṣe é?"

"Kò sóhun tó ṣe fáíbà. Èmi ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n tó."

"Pẹ̀lẹ́, ayọ̀ mi. Ó dáa. Mi ò ní wá, bí o ṣe wí."

"Má pa fóònù, mo bẹ̀ ọ́! Èmi ni mo ní kí o má wá. Èmi náà ni mo ní kí o wá báyìí."

"Ummu, ọdún kan gbáko ni mo fi ń sọ fún ara mi pé mo ba ayé ẹ jẹ́."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo jẹ́ kí o gbà bẹ́ẹ̀. Foríjì mí."

Mo gbọ́ tó ń sunkún.

Ó wá lọ́jọ́ kejì. Baba ló ṣílẹ̀kùn fún un. Èmi ò lè dìde nílẹ̀ fún ìtìjú, òun ló wá jókòó tì mí.