Ẹ̀ṣẹ́ Kílódé

Gbogbo ilé ló ń pè é ní Kílódé.
Ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. "Kí ló dé tí imú ajá fi máa ń tutù? Kí ló dé tí òṣùpá ò fi já bọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Kílódé fi páálí kọ́ ilé. Ilé náà ní fèrèsé. Ó ní ilẹ̀kùn pupa kékeré. Ó rẹwà gan-an!

Àfi gbìràmù!

Rọ̀bọ̀tọ̀, àbúrò rẹ̀, ti jókòó lé ilé náà lórí. Ilé ti di pẹrẹsẹ.

Rọ̀bọ̀tọ̀ wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kíá, ó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Inú bí Kílódé burúkú. Ó di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ náà le bí òkúta.
Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan sọ sí i lọ́kàn. "Tí mo bá lù ú, ṣé ilé mi á dìde?"

Ó gbé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lọ bá Màmá Àgbà ní kíṣìnì.
"Màmá, ṣé kí n lu Rọ̀bọ̀tọ̀?"
"Rárá o," ni Màmá Àgbà wí. "Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n kọ́ wa pé ká fẹ́ràn ẹni tó ṣẹ̀ wá."
"Kódà Rọ̀bọ̀tọ̀?"
"Pàápàá jù lọ Rọ̀bọ̀tọ̀!"

Hùn-ún. Ẹ̀ṣẹ́ náà ṣì le.

Ó kan ilẹ̀kùn Ìyá Aránṣọ, aládùúgbò wọn. Kó kó kó.
Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún: tàkàtàkàtàkà.
"Ẹ káàárọ̀ mà. Kí ni wọ́n ń sọ nípa ẹ̀ṣẹ́ ní mọ́sálásí?"
Ìyá Aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró. "Wọ́n ní ká máa fi dáadáa san búburú. Àlàáfíà la sì fi ń kí ara wa. Ó ṣòro kéèyàn di ẹ̀ṣẹ́ kó tún máa kí èèyàn. Gbìyànjú ẹ̀ wò."
"Kí àlàáfíà wà pẹ̀lú…"
Háà! Ìka méjì tú.

Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, Bàbá Kẹ̀kẹ́ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó rọra fi bébà gbé aláǹtakùn kan kúrò lára táyà.
"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò pa á?"
"Ẹlẹ́sìn Búdà ni mí. Wọ́n kọ́ wa pé ká má ṣe ohun ẹlẹ́mìí léṣe."
"Kódà eèrà?"
"Kódà eèrà."
"Ẹ̀fọn ńkọ́?"
Bàbá Kẹ̀kẹ́ họ apá rẹ̀. "Ti ẹ̀fọn yẹn le díẹ̀ o! Ṣùgbọ́n mò ń gbìyànjú."
"Tínú bá ń bí yín ńkọ́?"
"Màá kọ́kọ́ mí ná. Fúùùù."
Kílódé náà mí. Fúùùù.
Ìka tó kù tú. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ó padà sílé. Ó kúnlẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Omijé wà lójú Rọ̀bọ̀tọ̀.
"Kí ló dé tó o fi jókòó lé ilé mi?"
"Mo fẹ́ wọlé ni. Ilẹ̀kùn ò gbà mí."

Kílódé wo ikùn àbúrò rẹ̀. Lóòótọ́, kò lè gbà á! Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú."
"Mi ò bínú mọ́. Jáde, ká kọ́ òmíràn."

Wọ́n wá páálí ńlá. Kílódé ń gé e. Rọ̀bọ̀tọ̀ ń bá a dì í mú. Ilẹ̀kùn fẹ̀, ó fẹ̀, ó tún fẹ̀ sí i!
Àwọn méjèèjì jọ wọlé.

Rọ̀bọ̀tọ̀ yọ bisikíìtì kan lápò. Ó dá a sí méjì. Ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní èyí tó tóbi.

Kàù. Kàù. Kàù.