Ìpọnbẹ̀ Tí A So Òwú Mọ́

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe tìẹ."

Ìyá Ògúnrìndé kò pariwo, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀yìn ìpọnbẹ̀ gbá Aishat lọ́wọ́, gbogbo àwọn tó jókòó nínú búkà náà ló sì gbọ́ bó ṣe dún. Ẹran ọ̀yà kan tó tóbi dáadáa ló wà lójú ọbẹ̀ òfàdà nínú ìkòkò ńlá. Aishat ti nawọ́ sí i láti fi èyí tó wù ú han obìnrin náà.

"Mo ní owó lọ́wọ́, mà," ni Aishat wí. "Ṣé ẹ rò pé mo wá tọrọ ni?"

"Mi ò béèrè owó lọ́wọ́ ẹ. Mo ní kì í ṣe tìẹ. Ẹyin wà, pọ̀nmọ́ wà. Èwo lo fẹ́?"

Ọpẹ́olúwa, ọkùnrin tó ń kun mọ́tò ní etí títì, tó sì máa ń jẹ abọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bú sẹ́rìn-ín. "Aishat, jẹ ẹyin ẹ, jàre. Eyín tìẹ ò tíì le tó ẹran ìgbẹ́." Àwọn tó kù bá a rẹ́rìn-ín. Kódà Tóyìn, ọ̀rẹ́ Aishat tí wọ́n jọ wá, fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ohun tó wá dùn ún jù ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyá Ògúnrìndé gbé ìpọnbẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó fa òmíràn yọ tí wọ́n fi òwú funfun we ní ọrùn, ó sì lọ bu ọbẹ̀ Aishat nínú ìkòkò kékeré kan tó wà lẹ́yìn. Lójú Aishat, bí ẹni pé ìpọnbẹ̀ tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ fún àwọn èèyàn gidi kò gbọdọ̀ kan abọ́ tirẹ̀ ni. Ojú tì í, ìbínú sì tẹ̀ lé ìtìjú náà lójú ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹun níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò kíyè sí ìpọnbẹ̀ olówùú yìí rí. Kò jẹ oúnjẹ yẹn tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọmọ tí Aishat Sàlàhúdíìnì jẹ́. Adigbe ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, ní Abẹ́òkúta. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Èkó ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń dé. Nítorí náà, láti ọdún méjì ni Aishat ti ń jẹun ọ̀sán níta bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ní Adigbe tí kò mọ̀. Ó mọ wáínà Àmínù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ó mọ ìyá Ìbò tí ọ̀kpá rẹ̀ máa ń tán kí aago mẹ́jọ tó lù, ó mọ obìnrin ará Kàlàbá tó ń fi ìgbín se ẹ̀fọ́, ó sì mọ ilé ṣawámà tuntun tó ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Ìmọ̀ yìí ló mú un ṣí ojú ìwé kan sórí ayélujára, tó pè ní Ẹnu Mi Rèé. Yóò jẹun, yóò ya fídíò, yóò sì sọ ibi tó yẹ kí aráyé ti jẹun àti ibi tí kò yẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò tíì se ẹ̀wà jinná rí ló ń dájọ́ àwọn tó ti ń dáná kí wọ́n tó bí i. Àwọn èèyàn ń gbọ́ tirẹ̀ nítorí pé ẹnu rẹ̀ mú, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn péré ló ń tẹ̀ lé e, ó sì wù ú kí wọ́n pọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbá a lọ́wọ́, ó tún padà sí búkà náà. Oúnjẹ kọ́ ló bá wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó gbé fóònù rẹ̀ ti ike omi, ó sì ń ya Ìyá Ògúnrìndé àti ìpọnbẹ̀ olówùú tó wà lórí tábìlì. Obìnrin náà ṣí ìkòkò, ó da irú sí i, ó tẹ̀ síwájú, ó fi imú gbọ́ òórùn ọbẹ̀ náà, ó sì dé e padà. Kò tọ́ ọ wò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣíbí kò sì kan ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ebi pa òun fúnra rẹ̀, ó bu ẹ̀kọ àti ẹ̀gúsí kan tó funfun bí omi ọṣẹ, ó kọjú sí ògiri, ó sì jẹ ẹ́.

"O rí i?" Aishat sọ fún Tóyìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kì í jẹ oúnjẹ tó ń tà fún wa."

"Ṣé kí a kúkú bi wọ́n ni?"

"Kí wọ́n tún lè gbá mi lọ́wọ́? Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún."

Kí Aishat tó fi fídíò náà síta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó rántí pé ní ọdún méjì tó ti ń jẹun níbẹ̀, inú kò run ún rí. Ó tún rántí ẹ̀rín Ọpẹ́olúwa. Ló bá tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀yin ará Adigbe, ẹ wo ìyá yìí," ni ohùn rẹ̀ ń wí nínú fídíò náà. "Ó ń se ọbẹ̀, kì í tọ́ ọ wò. Ó ń tà á, kì í jẹ ẹ́. Ẹ sì wo òwú tó wà lọ́rùn ìpọnbẹ̀ yẹn. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ẹ ṣáà bi ara yín, kí ló dé tí ẹni tó se oúnjẹ fi ń sá fún un?"

Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ẹni tó bá fi gbólóhùn yẹn sí àárín ọ̀rọ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn ti wo fídíò náà. Ọkùnrin kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé láti ìgbà tí àbúrò òun ti jẹun níbẹ̀ ni ikùn rẹ̀ ti ń wú. Obìnrin kan ní òun ń jẹun lójú oorun, òun sì ti wá mọ ẹni tó ń fún òun jẹ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tí Ìyá Ògúnrìndé mọ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun, ọ̀rọ̀ náà sì wá di pé òkú ọmọ ni wọ́n fi òwú náà dì. Ilé ṣawámà ránṣẹ́ sí Aishat pé kó wá jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì wá ya fídíò. Ó lọ. Ó dùn mọ́ ọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, èèyàn mẹ́ta ló jẹun ní búkà náà. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹnikẹ́ni kò wá. Ẹnìkan ti da òróró àdúrà sí ẹnu ọ̀nà, ẹlòmíràn ti fi òkúta fọ́ páànù òrùlé. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ jáde kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, nítorí òun kò fẹ́ kí wọ́n dáná sun ilé òun. Ọpẹ́olúwa, oníjẹun abọ́ méjì, ń gba òdìkejì títì kọjá. Nígbà tí Aishat ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, ó rí Ìyá Ògúnrìndé tó jókòó ti ìkòkò tó kún, tó ń fi ìwé pélébé lé eṣinṣin. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Aishat yára ẹsẹ̀ kọjá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà, nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Èkó, obìnrin kan na fóònù rẹ̀ sí Ìyá Aishat. "Ẹ wo bí ayé ṣe dà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń fún èèyàn jẹ ní Abẹ́òkúta." Ìyá Aishat wò ó. Kò tíì wo ojú ẹni tó wà nínú fídíò náà dáadáa tó fi dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ó dá fóònù padà, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Kò bọ́ bàtà nígbà tó wọlé. "Aishat, ìwọ lo ṣe fídíò yẹn?"

"Mọ́mì, wọ́n gbá mi lọ́wọ́ níwájú èèyàn. Wọ́n ní ẹran kì í ṣe tèmi. Wọ́n wá lọ mú ìpọnbẹ̀ ọ̀tọ̀..."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n mú un."

Aishat gbé fóònù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Èkó, mo lọ bá obìnrin yẹn. Mo ní, Ìyá, ọmọ mi yóò máa wá jẹun lọ́dọ̀ yín. Ọdẹ ni ọkọ yín. Ẹran tí tàkúté pa, tí a kò dúńbú, òkúǹbete ni nínú ẹ̀sìn wa. Ẹ má jẹ́ kó kan ọmọ mi lẹ́nu. O mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? Ó ní, 'Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín.' Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo fi máa padà dé ibẹ̀, ó ti ra ìkòkò kékeré, ó sì ti so òwú mọ́ ìpọnbẹ̀ kan kí ọwọ́ òun má baà ṣì í mú. Òwú yẹn lo fi han aráyé."

"Ẹ ò sọ fún mi, Mọ́mì."

"Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ fún ọ pé ẹni tó ń bọ́ ọ láti ọdún méjì kò fẹ́ pa ọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n bá Ìyá Ògúnrìndé níbi tó ti ń di ìkòkò sínú àpò. Ìyá Aishat kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì náà, Aishat kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ dìde, Ìyá Aishat. Ẹ̀yin kọ́." Lẹ́yìn náà ló wá wo Aishat. "Ìwọ, wà níbẹ̀."

Ó gbé àpò sílẹ̀. "O fẹ́ mọ ìdí tí mi ò fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Òrìṣà-ńlá ni wọ́n ń bọ nílé baba mi. Epo pupa ò kan ẹnu mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Imú mi ló ń sọ fún mi bí ata bá jinná, ọwọ́ mi ló mọ iyọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sè é bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ò dá abọ́ padà. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá sọ fún ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà..."

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Èèwọ̀ tìẹ, mo ra ìkòkò nítorí ẹ̀. Èèwọ̀ tèmi, o fi sọ mí di àjẹ́."

Aishat ń sunkún báyìí. "Mà á ṣe fídíò mìíràn, mà. Mà á sọ òtítọ́ fún gbogbo ayé."

"Ṣe é," ni Ìyá Ògúnrìndé wí, ó sì tún mú àpò rẹ̀.

Ó ṣe é lójú ibẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú ojú tó wú. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìkòkò kékeré, ó sọ ti epo, ó sọ ti òwú, ó sì jẹ́wọ́ pé ìbínú ló mú òun ṣe é. Títí di ọjọ́ Ajé, igba èèyàn ló wò ó. Ọ̀kan kọ ọ́ pé wọ́n ti fún ọmọ yẹn ní nǹkan jẹ. Òmíràn béèrè iye tí wọ́n san fún un. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ irọ́ kì í jókòó de òtítọ́. Wọ́n ti lọ síbi tí wọ́n ń lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wá kó ẹrù Ìyá Ògúnrìndé lọ sí Papalanto, níbi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ń gbé. Aishat wá pẹ̀lú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lára, ó gbé bẹ́ǹṣì, ó gbé àdògán. Obìnrin náà kò lé e, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹrù tán, ó fa ìpọnbẹ̀ tí òwú wà lọ́rùn rẹ̀ yọ nínú agbọ̀n, ó nà án sí i.

"Gbà. Tìẹ ni."

"Mà, ẹ máa nílò rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí wà ní Papalanto."

"Ìpọnbẹ̀ kan ni mà á máa fi dáná báyìí. Ẹni tó bá lè jẹ ẹ́, kó jẹ ẹ́."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Mo ti gbọ́," ni Ìyá Ògúnrìndé wí. Ó gòkè sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ náà sì lọ.

Ìpọnbẹ̀ yẹn wà lára ògiri ilé ìdáná wọn títí di òní, ìyá Aishat kò gbà kí ẹnikẹ́ni yọ òwú rẹ̀. Aishat ti pa ojú ìwé rẹ̀ rẹ́. Ó ti kọ́ ẹ̀wà sísè. Bí ọ̀rẹ́ bá wá tó béèrè ìdí òwú náà, yóò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í fo ibi tí òun ti ṣe búburú. Ó máa ń fi kún un pé ohun tí kò bá yé wa lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ká bi í kí a tó ṣí ẹnu wa síta, nítorí abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìbéèrè kò sì wó búkà ẹnikẹ́ni rí. Ẹyin ni ohùn. Èyí tí òun jẹ́ kó bọ́, òun ti gbìyànjú láti ṣà á jọ, kò ṣeé ṣe.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi í níbi tó dára jù láti jẹun ní Adigbe, nítorí wọ́n rántí pé ó mọ gbogbo wọn. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní.

"Ibi tó dára jù ti wà ní títì. Èmi ni mo tì í."