Awò Tí Kò Wọ Kámẹ́rà Kankan

"Olè! Olè ni ẹ́! O ta ojú ọkọ rẹ kó tó kú!"

Ẹnu Eyínfúnjowó kò sinmi láti àárọ̀. Opó tí ó ń bú ló fún àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí lórúkọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wọlé, torí ẹ̀rín rẹ̀ dára. Ta ló mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun ló ń tu jáde!

"Mi ò tà á!" opó náà dáhùn. "Bí mo bá mọ ibi tí awò kámẹ́rà yẹn wọlé sí, kí ilẹ̀ tó gbé ọkọ mi mì gbé èmi náà mì!"

Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, jókòó, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lórí itan rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni yóò sọ bóyá opó yìí á dúró nílé, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Yàrá iwájú tí wọ́n wà yìí náà ni ṣọ́ọ̀bù tí olóògbé ti ń ya fọ́tò. Kámẹ́rà àtijọ́ rẹ̀ dúró sí igun lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Láti ìgbà tí awò rẹ̀ ti sọnù, nígbà tí olóògbé ṣì wà lórí àìsàn, ihò dúdú ló kù níwájú rẹ̀. Bí opó náà bá ti ń kọjá níbẹ̀, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Awò mi dà?" Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń bi í títí ẹ̀mí fi bọ́. Ó fẹ́ ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ, kò rí i ṣe. Ní báyìí, bí opó náà bá ń gbálẹ̀, á gbọ́ ohùn yẹn. Bí ó bá ń fọ abọ́, á gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, á tiẹ̀ dáhùn: "Mo ṣì ń wá a, olówó orí mi."

Eyínfúnjowó kọwọ́ bàpò, ó yọ awò kan síta.

"Ẹ wò ó! Ọwọ́ ẹni tó tà á fún ni mo ti lọ rà á padà! Ẹ lé e jáde, kí ẹ gbé kámẹ́rà fún mi, kí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi má bàa parun!"

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn! Aláìnítìjú!

"Ta ló tà á fún?" Àǹtí Àgbà bèèrè.

"Ẹni náà ti rìnrìn àjò."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ẹnì kan fi kàgò. Ọkùnrin tó ń tún kámẹ́rà ṣe ládùúgbò kejì ni.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ó wí fún Eyínfúnjowó. "Ẹ ní kí n dúró di ìrọ̀lẹ́ kí n tó wá wo kámẹ́rà níbí, ara mi ò gbà á. Ìdí awò yẹn ń dà mí láàmú! Kò sí kámẹ́rà tí mi ò fi dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó dá a padà fún yín. Àwọn awò kan ń lọ́ wọlé bí ìdérí ìgò, àwọn kan léyín mẹ́ta nídìí tó ń há wọn mọ́ kámẹ́rà. Mẹ́rin ni tiyín yìí ní, ọ̀kan sì fẹ̀ bí èékánná àtàǹpàkò. Kámẹ́rà tó bá a mu ni mo wá rí, kí n ra méjèèjì pọ̀."

"Rà á kẹ̀?" Àǹtí Àgbà dìde. "Ìgbà wo ló gbé awò wá bá ẹ?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, mà. Mo ní ṣé ẹnì kankan ò ní bèèrè ẹ̀, ọ̀gá yìí ní ẹni tó ni ín ti kú."

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò! Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró pátápátá ni olóògbé tó kú!

"Irọ́ ni!" Eyínfúnjowó gbé awò náà sẹ́yìn. "Awò mìíràn ni mo gbé fún un!"

Opó náà já awò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Eyín mẹ́rin, ọ̀kan fẹ̀. Alátùn-únṣe gbà á, ó tì í bọ ẹnu kámẹ́rà, ó yí i sápá ọ̀tún bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ gbé e wá." Opó náà yí i sápá òsì. Ó dún káká, ó wọlé ṣinṣin. "Ìdí rẹ̀ fọ́ nígbà kan. Idẹ ara ilẹ̀kùn ni ọkọ mi fi ayùn gé, ó fi rọ́pò rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, bó ṣe máa rọ òun lọ́rùn ló ṣe é. Èmi ni mo di fìtílà mú fún un."

"Abájọ!" alátùn-únṣe kígbe. "Kò sí irú ẹ̀ mìíràn láyé!"

Opó náà kọjú sí Eyínfúnjowó. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò pè é ní "ìwọ" rí.

"Ìwọ! O pè é ní òkú nígbà tó ṣì ń mí! Ó ń bèèrè awò rẹ̀, ìwọ náà kúnlẹ̀, ò ń bá wa wá a lábẹ́ ibùsùn!"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Eyínfúnjowó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àǹtí mi, iṣẹ́ èṣù ni!"

"Dìde níbẹ̀!" Àǹtí Àgbà jágbe mọ́ ọn. "Má tún fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí mọ́! Máa lọ sọ fáwọn èèyàn pé èmi náà ti kú, ṣebí o mọ̀ ọ́n sọ!"

Àwọn ará ilé tó pé jọ sẹ́nu ọ̀nà hó lé e lórí títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Alátùn-únṣe tọrọ àforíjì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àǹtí Àgbà fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sọ́wọ́ opó náà, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, arúgbó rẹ̀! "Ìyàwó mi, dárí jì mí."

Opó náà fà á dìde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, ẹjọ́ olè ló ń rò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí kámẹ́rà, ó kó iwájú aṣọ rẹ̀ bojú, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ráyè sunkún ọkọ rẹ̀.