Aláriwo Ké Kí Àkókò Tó Tó

"Ẹ má ṣí i! Mo ní ẹ má ṣílẹ̀kùn yẹn! Yéè, wọ́n ti ṣí i!"

Ẹni tó ń pariwo yìí kì í ṣe ẹni tí olè ká mọ́lé. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Orí àga ló dúró sí, ó di tìmùtìmù mọ́ àyà, ó ń kìlọ̀ fún àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù àwọn arìnrìn-àjò kan tí ń gbé inú ọkọ̀ láàárín ìràwọ̀ ló ń wò. Bàbá rẹ̀ tó jókòó tì í náà ń nawọ́: "Ọ̀gá ọkọ̀ yìí ò gbọ́ràn rárá! Ṣebí mo kìlọ̀ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá!"

Aláriwo ni wọ́n ń pè é níléèwé. Bó bá ti wo apá tuntun tán, á gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, á fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù kíláàsì wọn: ibi tó ti ké, ibi tó ti rẹ́rìn-ín, ẹni tó wù ú kó fọ́ létí. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ wo fíìmù náà mọ́, ohùn Aláriwo ti tó wọn.

Ọjọ́ Ẹtì ni apá tuntun máa ń jáde, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń ṣe búrẹ́dì, kì í ráyè àfi ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn méjèèjì sì ti ṣàdéhùn látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹnì kankan ò gbọdọ̀ dá wò ó.

Nígbà tó yá, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ayára bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì gan-an. Kí Aláriwo tó sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tutù. Wọ́n á ní, "Aláriwo, ìròyìn àná lo tún kó wá!" Ó dùn ún wọra.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì sọ fún un pé, "Wá sílé wa lónìí, ká jọ wo apá kẹjọ."

"Mo ti ṣèlérí fún bàbá mi."

"Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Tún un wò lọ́la, kó o ṣe bí ẹni tí ò rí i rí."

Aláriwo rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó lọ.

Háà, apá kẹjọ! Rọ́bọ́ọ̀tì àgbà inú ọkọ̀ náà, èyí tí òun àti bàbá rẹ̀ fẹ́ràn jù, fi ara rẹ̀ dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kí àwọn ọmọdé má bàa kú. Ó kú síbẹ̀. Aláriwo sunkún títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi lọ wá áńkáṣíìfù. Ó fi ohùn ẹkún yẹn ránṣẹ́, kó sì tó délé, ìyìn ti kún fóònù rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ kò lè wo bàbá rẹ̀ lójú.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lójú àti nínú irùngbọ̀n àti òwú nínú etí méjèèjì.

"Bàámi, kí ló ṣe yín létí?"

"Kí lo wí?" Bàbá yọ òwú. "Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni o! Wọ́n ti wò ó lánàá, wọn ò sì dákẹ́. Mo ní mi ò ní gbọ́ nǹkan kan títí màá fi bá ọmọ mi. Búrẹ́dì kan tiẹ̀ jóná, torí mi ò gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pè mí."

 Aláriwo pinnu pé òun máa díbọ́n dáadáa, pé igbe òun máa bọ́ síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé òun lè gbàgbé láti ké ló kó bá a. Wọ́n tan fíìmù. Rọ́bọ́ọ̀tì ṣì jókòó jẹ́ẹ́, ó ń so okùn bàtà fún ọmọdé kan, nígbà tí Aláriwo figbe ta: "Yéè! Ẹ dá a dúró! Ó ti kú o!"

Bàbá dá fíìmù dúró. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ta ló kú?"

Aláriwo fi tìmùtìmù bojú.

"Ṣé eléyìí tó ń so okùn bàtà?"

Aláriwo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàámi, ẹ má bínú. Mo ti wò ó lánàá, mo sì ti fi ohùn ẹkún mi ránṣẹ́ sí kíláàsì wa. Mi ò fẹ́ kí Ayára gba ipò mi ni."

Bàbá ní, "Kì í ṣe fíìmù ló dùn mí. Ìdí iná ni mo ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, igbe rẹ yìí ni mo sì ń retí. O fún àwọn ẹlòmíràn ní ojúlówó, o wá gbé ayédèrú fún èmi."

Omijé bọ́ lójú Aláriwo, ojúlówó ni lọ́tẹ̀ yìí.

"Dìde," ni bàbá wí. "Kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. O ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi máa parí."

Kí Aláriwo dákẹ́ kẹ̀! Ó ki tìmùtìmù bọ ẹnu. Níwọ̀n bí kò ti rí nǹkan mìíràn wò, ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò. Bàbá tó ti gbọ́ ikú náà tẹ́lẹ̀ ṣì ń bẹ rọ́bọ́ọ̀tì: "Padà! Mo bẹ̀ ọ́, padà!" Ó káwọ́ lérí, omijé ń la ìyẹ̀fun ojú rẹ̀ kọjá. Aláriwo ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá rí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tà lówó pọ́ọ́kú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni tèmi. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ gbọ́ ti Ayára." Àwọn kan lọ lóòótọ́, ó sì dùn ún díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti yé e pé ìyìn ọ̀pọ̀ èèyàn kò tó ohun tí ó yẹ kí òun tìtorí rẹ̀ da ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé òun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ náà dé ilẹ̀ tuntun kan tó kún fún igi. Bàbá àti ọmọ fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, igbe wọn sì mú kí nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní yàrá kejì sáré wá kanlẹ̀kùn.

"Ṣé kò sí o? Ta ló ṣubú?"

Bàbá ṣílẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹnì kankan ò ṣubú o, ìyá nọ́ọ̀sì. A ti gúnlẹ̀ ni!"